Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Mi ní Bódìjà

Òórùn eruku pákó ọjà Bódìjà kò tíì kúrò nímú mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí n tó wọ yunifásítì. Ìyàwó mi, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, ló ń rán mi níléèwé. Ọ̀gá wa kan ní yunifásítì ń ṣèwádìí bí etí ṣe ń mọ ibi tí ohùn ti ń wá, wọ́n sì mú àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan mọ́ra. Ẹnì kan á ki gbohùngbohùn kékeré, tó ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, bọ etí rẹ̀ méjèèjì, á dúró láàárín ariwo títí kásẹ́ẹ̀tì á fi parí. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ yí ọrùn. Bí orí bá yí, gbogbo ọjà á yí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Èmi ni wọ́n máa ń yàn. Wọ́n ní kí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ má sọ̀rọ̀, mo wá rò pé ìmọ̀ ni mo ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo dúró bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, ayùn ń ké lọ́tùn-ún mi, ewúrẹ́ ń ké lósì, ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn.

"Ọkọ mi! Ṣé pákó lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ ti di pákó?"

Mi ò mira. Ó tún pè mí. Nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀: "Ọkọ mi... Ó dáa o. Ó ti yé mi." Mo gbọ́ bí sálúbàtà rẹ̀ ṣe ń jìnnà lọ.

Nílé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, kò jókòó tì mí. "Èmi oní-fọ́tòkọ́pì ń tì yín lójú lọ́dọ̀ àwọn ará yunifásítì yín." Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, wọ́n sì dé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bò ó létí méjèèjì, wọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà fún un.

Ó ta gìrì, ó bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ògiri ló rí. Lẹ́yìn náà ó gbọ́wọ́ sókè. "Ta ló ń mí báyìí?"

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ ni, ìyàwó. Kò dáhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó o bá pè é ni mímí rẹ̀ ń yí padà."

Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wò mí. "Ṣé báyìí ni mo ṣe ń dún létí yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwo kan la ti jẹun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi ti dolóògbé. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa ló fún mi nígbà tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí láti tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo yíjú láti rí i. Ohùn náà bá mi yí, ó ṣì wà lẹ́yìn mi. Mi ò yíjú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo ń jẹ́ ẹ.