Àlàájà bu ata gígún sí ápù mi

Ẹ gbà mí o! Ìyá ọkọ mi bu ata gígún sí ápù tí mo ti ń lálàá ẹ̀ láti kékeré.

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin, ìwé ìtàn òyìnbó tí mo bá ti ṣí, ìyá àgbà kan á máa gbé ápù oníṣúgà jáde látinú ófùn. Itọ́ á kún ẹnu mi. Nílé wa, kò sí ápù, kò sí ófùn.

Lónìí tí mi ò lọ sí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ra ápù ní àdúgbò Ṣarafíyà níbí ní Jídà. Mo rún búrẹ́dì lé e, mo fi bọ́tà àti ṣúgà sí i, mo yan án. Òórùn ẹ̀ ń ta sánsán.

Àlàájà, tó ti Mẹ́kà dé lánàá lẹ́yìn úmúrà, ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Ìyá Sùmáyà, ta lara ẹ̀ ò yá?"

"Kò séèyàn kankan, mà. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò ní ata nílé ni."

Ló bá yọ ike ata tó gbé wá láti Ìlọrin, ó gbọ̀n ọ́n sí gbogbo ẹ̀. Ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. Mo ṣáà bu ṣíbí kan, mo fi kan ẹnu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn yùngbà! Àfi bíi bọ̀ọ̀lì gbígbóná. Sùmáyà ọmọ mi na àwo ẹ̀ síwájú: "Kamán! Kamán!" Ó ń fi Lárúbáwá bèèrè sí i.

Mo ti fọ abọ́ tán báyìí, inú ṣì ń bí mi pé Àlàájà ló jàre.

Oúnjẹ inú ìwé wo ló já ẹ̀yin náà kulẹ̀?