Orí Ọkùnrin Inú Òṣùpá

Ní Glei, ìlú wa, gbogbo wa la mọ ọkùnrin inú òṣùpá. Ó la igi lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ń sinmi, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ni wọ́n bá gbé e tòun ti àáké rẹ̀ lọ sókè. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ nílé wa, a ò sì bá ìtàn náà jiyàn. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ni mi ò lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo yá awò awọ̀nàjíjìn, mo wá ìwé Faransé kan, mo ń wá orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi dúdú róbótó tó dá dúró, tí àwa ń pè ní orí rẹ̀, Òkun Wàhálà ni ìwé pè é. Omi ò sì sí níbẹ̀ o.

Nígbà ìsinmi, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Atakpamé wá sílé. Ó ní ojú ìyá àgbà wa ò ríran dáadáa mọ́, kí wọ́n má lọ sóko mọ́, torí ọ̀nà oko gba orí títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré. Ìyá àgbà ní irọ́ ni. Òṣùpá àrànmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò mi fẹ́ dán ojú wọn wò, ó nawọ́ sí i.

"Ìyá, orí ọkùnrin yẹn dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló wà lókè."

Orí wà lókè gbangba. Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọkọ́ wọn pamọ́ sínú yàrá rẹ̀.

Ara mi ò gbà á. Ìyá àgbà kì í sọ̀sọkúsọ. Mo jí ní ìdájí, mo gbé awò jáde. Òṣùpá ti ń wọ̀. Orí ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Bó ti ń gba òkè orí wa kọjá ló ń dorí kodò. Èmi tó jẹ́ pé àṣálẹ́ nìkan ni mo ń wò ó, n ò mọ̀. Àwọn tó ń jí lọ sóko ló mọ̀.

Inú mi dùn. Mo bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń run orín. "Ìyá, ẹ jàre. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

"Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀ lọ́nà oko."

Mo ti kọjú sí yàrá àbúrò mi kí n lọ gba ọkọ́, kí n tó rántí pé ìrọ̀lẹ́ la bi wọ́n léèrè. Ìrọ̀lẹ́, tí orí wà lókè. Ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n sọ fún wa, wọn ò rí nǹkan kan. Àánú wọn ṣe mí débi pé n ò lè yí padà wò wọ́n.

Wọ́n gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi ti dúró. Wọ́n nawọ́, wọ́n wá èjìká mi kàn.

"Lọ gba ọkọ́ náà, kí ìwọ gbé e. Máa lọ níwájú mi, kí o sì máa sọ ohun tí o bá ń rí."