Ìgbà Tí Àbúrò Mi Wà ní Kánádà

Mo rántí ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Kò débẹ̀ rí o, títí di òní. Orílẹ̀-èdè kan ní apá ìlà-oòrùn Yúróòpù ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n màmá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, nílùú ọba níbi tí a ń gbé, pé Kánádà ló wà, èmi náà sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àlàyé màmá kò le. Ayé burú, ojú sì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọmọ òun láti ṣe é ní ibi, kí onítọ̀hún máa wá a kiri ní Kánádà. Láti Ìbàdàn ni àbúrò mi ti gbéra, orí fóònù sì ni màmá ti mú un búra pé kò ní sọ ibi tó ń gbé fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ aṣojú ìjọba. Bíbélì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, òmíràn wà lọ́wọ́ màmá nílé wa ní Goresbrook.

Èmi nígbà náà, mo gbà pé mo gbọ́n. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì, mo sì ti kọ àròkọ gígùn kan lórí ojúṣe ìjọba sí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tí ìjàǹbá bá ká mọ́ òkè òkun. Olùkọ́ mi yìn mí gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún èékánná ṣe nínú ilé ìtajà Vicarage Field. Èmi ni mò ń kí oníbàárà káàbọ̀, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀. Ará Fiẹtinámù ni ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Òun náà ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń dáná ní ilé oúnjẹ, nínú ìlú kan náà tí àbúrò mi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Òun kò mọ̀ nípa tèmi, nítorí Kánádà ni mo sọ fún òun náà.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, ọ̀gá mi gbé fóònù rẹ̀ sáàárín àwọn ìgò ọ̀dà èékánná, ó ń fi hàn mí. Ẹ́ḿbásì wọn ti pe àbúrò rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó pè é. Àwọn ará ìlú wọn ní gúrúùpù kan lórí fóònù tí oníkálùkù ń kọ ibi tó wà sí, bóyá ọmọdé tàbí aláìsàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì kan sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Báàsì ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí ẹnubodè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ òfurufú ìjọba wọn á sì gbé wọn relé láti ibẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú àròkọ mi ni mò ń wò lójú ayé, ìlara sì mú mi. Ìjọba tiwa náà ti kéde pé kí àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ fi orúkọ ránṣẹ́. Àbúrò mi kò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni. Yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sá sí, òun nìkan, àwọn yòókù ti lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo da omi gbígbóná sí oníbàárà kan lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá mi bi mí bóyá Kánádà náà ti ń jagun. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ó gba nọ́ńbà àbúrò mi, ó pe òṣìṣẹ́ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ó ní àyè wà nínú báàsì, wọn ò sì ní fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nígbà tí àyè wà. Bí òṣìṣẹ́ náà bá pe àbúrò mi, kí ó ṣáà sọ ibi tí wọ́n máa ti gbé e.

Kò pẹ́ tí fóònù tún dún. Ọ̀gá mi gbọ́ tán, ó kọjú sí mi.

“Àbúrò ẹ ní Toronto lòun wà. Ó ní ara òun le, kí wọ́n ṣeun. Òṣìṣẹ́ náà sì ń gbọ́ bí bọ́ǹbù ṣe ń dún lẹ́yìn rẹ̀.”

Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ fún ní number mi? Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí, ó ń bi mí whether mo dá nìkan wà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.”

Mo ṣàlàyé títí. Ó ní òun ti búra fún màmá, àfi tí màmá bá fẹnu ara wọn sọ pé kí òun sọ.

Mo sáré jáde, mo gba àárín ọjà East Street kọjá, mo gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa láìmí. Màmá wà láàárín ìjọ pẹ̀lú sùtánà funfun, ó ń sunkún. Àwọn ará ìjọ yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan pé kí òtútù Kánádà má ṣe ọmọ rẹ̀ ní jàǹbá, kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì tètè jáde. Mo fi fóònù sí i létí, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn tó yí i ká. Mo sọ fún un pé báàsì ò ní dúró. Àfi bó ṣe pariwo sínú fóònù:

“Ọmọ mi, sọ fún wọn! Sọ street ẹ, sọ number ilé, sọ pé o wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo ti tú ẹ sílẹ̀. Sọ gbogbo ẹ̀!”

Gbogbo ìjọ la ojú wò ó.

“Mummy,” ni wòlíì wa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, “níbo gan-an lọmọ yìí wà?”

Màmá dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Wòlíì mí kanlẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ìjọ padà sórí eékún, nítorí àdúrà tí wọ́n ti ń gbà bọ̀ láti àárọ̀ ti lọ síbòmíràn.

Àbúrò ọ̀gá mi ló sọ̀ kalẹ̀ nínú báàsì lọ kan ilẹ̀kùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, wọ́n jọ jẹ ìrẹsì tútù títí wọ́n fi dé ẹnubodè. Àwọn èèyàn ìjọba tiwa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá àti ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n bi àbúrò mi pé kí ló dé tí kò fi orúkọ ránṣẹ́. Wọ́n ṣáà gbé e dé Èkó.

Nígbà tí màmá wá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ọ̀gá mi rò pé nǹkan kan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n jọ ń wo ilẹ̀.

Àbúrò mi ti di dókítà báyìí ní Ìbàdàn, màmá sì ti darúgbó. Ní Kérésì tó kọjá, bí a ti jókòó, mo bi í pé ta gan-an ni à ń fi ọmọ yẹn pa mọ́ fún nígbà náà. Ó ronú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó ń ka àwọn ará ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹnu, àwọn tó sunkún lórí eékún lọ́jọ́ yẹn títí ìròyìn ayọ̀ fi dé. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò rántí ẹnì kankan.