Ẹlẹ́rìí Méjì fún Ẹ̀yáwó Kúbúrátù

Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ pa, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúbúrátù, bá mú bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní àdúgbò Mayfair. Inú mi dùn! Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀, bíbá akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ẹ̀yáwó ni mo fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni mo jókòó ka òfin ẹ̀yáwó ìjọba náà láti òkè délẹ̀, tí mo tún un kà bí ìwé ìtàn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀: ìbéèrè ọdún tó kọjá kì í ṣiṣẹ́ fún ọdún yìí. Orúkọ rẹ á ti wà níbẹ̀, àmọ́ kíláàsì tuntun àti owó iléèwé tuntun ni wàá fi sí i, wàá sì tún tẹ bọ́tìnnì pé o gbà. Ẹni tó bá jókòó tó ń retí, á retí títí.

Ti Kúbúrátù tún yàtọ̀. Ó béèrè lọ́dún tó kọjá, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà ní Ìlódè, ní kó fagi lé e. Àǹtí rẹ̀ kan ló sanwó iléèwé rẹ̀ nígbà náà, àǹtí ọ̀hún sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí bàbá bá tún kọ̀, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, torí ọmọ náà kò ní tẹ bọ́tìnnì tí bàbá rẹ̀ kò bá gbà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò tíì jókòó tán tó fi bi mí pé, “Ọmọ mi, èlé ńkọ́?”

“Kò sí èlé, Alfa. Iye tí wọ́n bá yá a náà ni yóò san, lẹ́yìn tó bá ríṣẹ́. Ẹ wò ó nínú òfin náà.”

Ó kà á. Ó ní kí Kúbúrátù náà kà á.

“Ó dáa. Àwọn ẹlẹ́rìí dà?”

Kò sí ẹlẹ́rìí nínú gbogbo ohun tí mo kà. Alfa ní Kùránì pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹlẹ́rìí sí i. “Ọmọ mi kò ní jẹ gbèsè ní kọ̀rọ̀ bí ẹni ń jalè.”

“Bàbá mi, kò sáyè ẹlẹ́rìí lórí kọ̀ǹpútà,” ni Kúbúrátù wí. Ẹkún ti fẹ́ gbọ̀n ọ́n.

“Ṣé orí kọ̀ǹpútà là ń gbé ni?”

Ara mi yá gágá! “Alfa, èmi rèé. Kìrìsìtẹ́nì ni mí o.”

“Ẹlẹ́rìí èké nìkan ni n ò fẹ́.”

Mo pe ọlọ́kadà tó gbé wọn wá wọlé. Ó wo ojú gbogbo wa. “Tí kò bá san án, ṣé èmi ni wọ́n á wá mú?”

“Ẹlẹ́rìí ni mo pè ọ́,” ni Alfa wí, “n ò pè ọ́ ní onídùúró. Dúró dáadáa!”

Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó náà sókè: owó iléèwé, lẹ́yìn náà owó oúnjẹ àti ilé gbígbé. Ó kọjú sí mi. “Ẹ yọ ti oúnjẹ àti ilé kúrò, sà. Màá máa ti ilé wa wá.”

Owó yẹn kò pọn dandan nínú ẹ̀yáwó náà. Mo yọ ọ́. Ó tún iye tó kù kà, ó ní òun yóò san án, in ṣá Allah. Àwa méjèèjì dáhùn pé a gbọ́.

“Bísímílà,” ni bàbá rẹ̀ wí. Kúbúrátù tẹ bọ́tìnnì.

Owó náà dé iléèwé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù mi láìka gbèsè rẹ̀ sókè kí ẹlòmíì gbọ́. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n máa ń kà á.