Irun Tí Adéòjó Dà Sẹ́yìn Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má lè jẹ gúgúrú mọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, Ìgbògbò kò jìn sí Ìkòròdú, kí ó wọ kẹ̀kẹ́ kó lọ béèrè lọ́wọ́ Mujeeb onígbàjámọ̀.

Ọmọ Ìkìrun ni Adéòjó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìgbògbò débi pé ajá àdúgbò kì í gbó o mọ́. Yàrá méjì ló háyà níbẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbé e láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láràárọ̀, kí ojú tó mọ́ dáadáa, á ti wà ní èbúté Ipakodo, á ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, á gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, á bẹ̀ ọ́, á sì bẹ bàtà rẹ pẹ̀lú.

Orí rẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kodoro ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Mujeeb ń fi abẹ fá a, tí á máa dán yinrin bí ìdí ìkòkò tí kò tíì rí iná rí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Kodoro, àwọn ènìyàn sì rò pé oge ló ń ṣe. Oge kọ́. Ní àtàrí Adéòjó gan-an, ibì kan wà tí irun ti kọ̀ láti hù sí, ó fẹ̀ tó ìdí ife tíì. Kàkà kí ayé máa rí pápá láàárín igbó, ó ní kí Mujeeb kúkú máa ro gbogbo igbó náà nílẹ̀. Ẹni tó ń fá orí ẹni ló mọ àṣírí orí ẹni, Mujeeb kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ ní báwo ni èmi ṣe wá mọ̀? Ẹ jẹ́ kí á máa bá ìtàn lọ.

Ní Agbowa ni Adéòjó ti pàdé Ìbíjọkẹ́, opó kan tó ń rán fìlà. Ó ní kí ó rán ẹyọ kan fún òun. Obìnrin náà fi téèpù wọn orí rẹ̀ yíká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orí yín yìí rọrùn láti wọ̀n o, kò sí ìdíwọ́ kankan lójú ọ̀nà." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà ni Adéòjó ń nílò fìlà. Nígbà tó fi máa ní fìlà méje sí orí kan ṣoṣo, Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ló bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá Adéòjó, ṣé fìlà lẹ ń wá ni àbí ẹni tó ń rán an?"

Ọ̀rọ̀ wọ̀. Àfi ọjọ́ kan tí Ìbíjọkẹ́ dé pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti fi fọ́tò Adéòjó han ìyá rẹ̀, Alhaja Sọ̀fíyàt, ní Ẹ̀pẹ́.

"Kí ni Màmá sọ?"

"Wọ́n ní orí yín ń dán jù."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Wọ́n ní ọkùnrin tó bá ń fá orí kodoro, ó pá lórí ni, tàbí ó ń fi ewú pamọ́. Wọ́n ní kí ẹ dá irun sí kí ẹ tó wá kí àwọn. Àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i pé kì í ṣe arúgbó ni àwọn tún fẹ́ fi mí fún."

Ọkọ Ìbíjọkẹ́ tó ṣaláìsí dàgbà jù ú lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú, Alhaja ló lọ kó ọmọ rẹ̀ wálé, ó sì búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣojú òun mọ́. Adéòjó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Bí ìyá yìí bá fi lè rí àtàrí òun, ó parí nìyẹn.

Ó gba ọ̀dọ̀ Mujeeb lọ. Mujeeb ń fọ abẹ lọ́wọ́.

"Mujeeb, má fá mi mọ́. Irun ni mo fẹ́ dá sí."

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ Mujeeb. "Ọ̀gá, ta ló ṣẹ̀ yín?"

Nígbà tí irun náà ti kún dáadáa, àwọn méjèèjì dúró níwájú páálí ńlá ara ògiri, èyí tí wọ́n ya oríṣiríṣi orí ọkùnrin sí, tí orí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Adéòjó tọ́ka sí nọ́ńbà kẹrin, níbi tí irun dúró ṣánṣán.

"Ìyẹn kọ́, ọ̀gá. Tó bá dúró báyẹn, ibẹ̀ á dà bí ìtẹ́ ẹyẹ."

"Nọ́ńbà kẹsàn-án ńkọ́, èyí tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Ọ̀nà tí wọ́n là yẹn, inú pápá yín gan-an ló máa já sí. Nọ́ńbà kọkànlá ni tiwa. Ẹ wò ó. Láti iwájú orí la ó ti kó o, a ó dà á sẹ́yìn títí dé ìpàkọ́. Iwájú yín kún, Alhaja á rí i pé ẹ kò pá. Èyí tó bá sì ń kọjá lọ sẹ́yìn á bo ibẹ̀, bí ẹní ṣe ń bo ilẹ̀ tó sán."

Ọ̀rọ̀ dùn, ṣùgbọ́n irun kò gbọ́. Bí Mujeeb ṣe ń fi òòyà dà á sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ń ká padà síwájú bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn. Mujeeb pe Rodiat, ìyàwó rẹ̀ tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Rodiat fi ìka tẹ irun náà, ó ní, "Òwú ló máa na èyí. Ẹ máa bọ̀ láàárín àwa obìnrin, ọkọ ìyàwó."

Ó fi òrí ra irun náà, ó fi òwú dúdú kó o ní ìdì ní ìdì, gbogbo ìdì náà sì kọjú sẹ́yìn. Adéòjó jókòó sórí àpótí, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún Rodiat, ó ń mí kanlẹ̀. Obìnrin kan tó ń dúró de tirẹ̀ ní, "Ẹ rọra o, Rodiat, ọkùnrin kì í bímọ, wọn kò mọ ìrora." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí òwú náà fi wà lórí rẹ̀, fìlà ni Adéòjó ń dé wọ ọkọ̀ ní Ipakodo. Festus tó ń tú okùn ọkọ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ń hùwo ni? Nǹkan kan ń gún fìlà yín láti inú."

"Òògùn orí fífọ́ ni," Adéòjó dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ sí Ẹ̀pẹ́, Rodiat tú òwú náà. Mujeeb gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó tún fi òrí díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, ó da irun náà sẹ́yìn, ó fi aṣọ dì í fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè sùn. Nígbà tó tú aṣọ náà, irun ti tẹ́ rẹrẹ láti iwájú dé ọrùn, ó dúdú, ó ń kọ mọ̀nà. Adéòjó wo dígí, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tí wọ́n máa fún ní ìyàwó ni," Rodiat dáhùn.

Adéòjó dé ọ̀kan nínú fìlà Ìbíjọkẹ́ lé e, òun àti Mujeeb tó fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó sì wọ mọ́tò. Ìbíjọkẹ́ ti ṣáájú wọn dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kọjá Ìtòkín, Mujeeb tó ti ń sọ̀rọ̀ láti Ìkòròdú sì di apá Adéòjó mú lójijì.

"Ọ̀gá."

"Mujeeb."

"A ti gbàgbé nǹkan kan."

"Iṣu ni àbí ọsàn tí a fẹ́ kó fún Màmá?"

"Ẹ máa dọ̀bálẹ̀."

Adéòjó gbé ọwọ́ lé fìlà rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú irun yìí, iwájú ni wọ́n ti ń wò ó, wọ́n wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wò ó nínú dígí. Kò sẹ́ni tó wò ó láti òkè. Bẹ́ẹ̀, òkè gan-an ni ìyá ìyàwó ti ń wo àna rẹ̀! Fìlà á kúrò lórí, àyà á kan ilẹ̀, àtàrí á sì kọjú sí Alhaja gbọnrangandan.

"Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni?"

"Ẹ kúnlẹ̀ kẹ̀? Ọkùnrin?"

"Kí n ní ẹ̀yìn ń dùn mí?"

"Arúgbó ni ẹ̀yìn ń dùn, ọ̀gá."

Wọ́n rò ó títí, wọ́n fẹnu kò pé Adéòjó á dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n á gbé orí sókè, kí àtàrí má baà hàn.

Alhaja Sọ̀fíyàt kò ga, ṣùgbọ́n àga tó jókòó lé ga, awò ojú rẹ̀ sì nípọn. Ìbíjọkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ lọ́ etí ìbòrí rẹ̀. Adéòjó wọlé, ó ṣí fìlà. Fìlà ọ̀hún le, ó sì ti gba irun mú. Bó ṣe ń bọ̀ lórí ni irun ń tẹ̀ lé e, ó dìde dúró gbọnin ní àárín orí. Àkùkọ Alhaja tó ń jẹ̀ ní pálọ̀ rí i, ó rò pé ogbe àkùkọ mìíràn ni, ó fa ọrùn yọ, ó kọ. Mujeeb sáré fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irun náà padà sẹ́yìn bí ẹni ń lé eṣinṣin. Adéòjó dọ̀bálẹ̀, ó na ọrùn sókè gangan.

"Ẹ kúulé o, mà."

"Ọrùn rẹ le ni?" Alhaja bi í.

"Rárá o, mà."

"Kí ló dé tó o ń wò mí bí alángbá tó ń ṣọ́ èèrà? Dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a bí ire."

Adéòjó wo Ìbíjọkẹ́. Ó rò ó pé òun lè wúkọ́, òun lè dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi orí ara rẹ̀ sá fún ènìyàn. Ó mí, ó fi iwájú orí kan kápẹ́ẹ̀tì. Irun tí wọ́n fi òwú nà, tí wọ́n fi òrí bẹ̀, là sí méjì, ó ṣubú síwájú. Àtàrí yọ. Oòrùn ojú fèrèsé sì wá jókòó sí i lórí.

Alhaja dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Kí nìyí?"

"Ibi tí irun kì í hù sí ni, mà."

"Ta ló da irun bò ó?"

Mujeeb náà dọ̀bálẹ̀ gbàlàjà. "Èmi ni, mà. Ẹ ṣàánú mi."

"Ìwọ ta ni?"

"Onígbàjámọ̀ wọn ni, mà."

Alhaja padà sí orí Adéòjó. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mà."

Nígbà tí Alhaja máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èmi ni mo lọ kó ọmọ yìí wálé nínú aṣọ opó. Mo gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. Ṣé ó yé ọ? Agbára yẹn kò sí lára mi mọ́."

"Mi ò lè ṣèlérí ẹ̀mí, mà, Ọlọ́run ló ni ín." Inú kápẹ́ẹ̀tì ni ohùn Adéòjó ti ń jáde. "Èyí tí mo fi pamọ́ ni ẹ ti rí yẹn. Kò tún sí òmíràn."

Alhaja kọ́kọ́ fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, kò lè bò ó. Ẹ̀rín bú jáde, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó padà jókòó, ó ká etí gèlè rẹ̀ sókè díẹ̀, kí Adéòjó lè rí i bí irun iwájú orí rẹ̀ ti sá lọ sẹ́yìn.

"Gbé orí sókè, wo tèmi. Irun dídì ló kó o lọ nígbà èwe. Gèlè lèmi náà fi ń bò ó. Ọkọ mi kú, kò mọ̀. Dìde, ọmọ mi, kápẹ́ẹ̀tì yìí eruku ni. Ìwọ onígbàjámọ̀, sùn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná."

Ó ní kí Ìbíjọkẹ́ mú òòyà wá, ó mú Adéòjó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da irun náà padà sẹ́yìn, láìwá ohun tó máa bò. "Ó yẹ ọ́," ó ní. "Má ṣe fá a mọ́. Jẹ́ kí ibi tó bá fẹ́ hàn máa hàn."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Adéòjó ṣì ń wọ ọkọ̀ ní Ipakodo, atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé irun rẹ̀ sókè, àtàrí rẹ̀ ń yọjú sáyé, kò sì bìkítà. Bí wọ́n bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Alhaja á ní kó jókòó, á béèrè òòyà.

Mo ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ náà ni. Àmọ́ nítorí eyín mi, ẹ jẹ́ kí n yọ ẹyọ kan kúrò: kò sí àkùkọ kankan ní pálọ̀ Alhaja. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn.