Orúkọ tí mo pè nínú igbó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ara mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Òyìnbó tí mò ń ṣe ògbifọ̀ fún ló ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹkùn. Bàbá Sùlé ọdẹ ló mú wa wọ igbó ọ̀nà Adó-Odò láàárọ̀ yìí. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún wa: a ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹranko náà níbẹ̀. "Bàbá" ni ká máa pè é.

Nígbà tó yá, Òyìnbó bèèrè ọ̀rọ̀. Mo bá túmọ̀ ẹ̀ lóhùn rara, bí ẹni tó wà ní kóòtù:

"Ọ̀gá ní níbo ni ẹkùn wà?"

Bàbá Sùlé dúró. Wọ́n nawọ́ sí ẹrẹ̀ iwájú wa. Ipa ẹsẹ̀ ni, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú ẹ̀.

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kọjú sí igbó. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu ọmọdé ni."

Wọ́n ní ká máa lọ sílé. Òyìnbó ní òun ò tíì rí i.

Bàbá Sùlé ní, "Sọ fún un pé Bàbá ní tiẹ̀ ti rí i."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní a óò padà lọ lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, àìsàn wo ló yẹ kó ṣe mí lọ́la?