Ìyá Ọkọ Mi àti Ọ̀rọ̀ Ẹyin

Nígbà tí Àbújá ṣì jẹ́ kìkì eruku àti katakata, iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Jikwoyi bí wọ́n ṣe lè fi ohun tó wà nítòsí bọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn: kí wọ́n po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì, kí wọ́n sì fún ọmọ lẹ́yin. Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ ọmọ tèmi gan-an rí tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló fà á. Ó wá láti Kàbà wá bá mi tọ́mọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

“Ìyàwó, ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà.”

Ẹyin tí mo bá sè fún ọmọ, òun ló ń jẹ ẹ́. Inú bí mi títí, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìyá ọkọ jà?

Lọ́jọ́ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta àlùbọ́sà dá mi dúró láàárín ẹ̀kọ́.

“Kai, Nọ́ọ̀sì! Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ọmọ tiyín ńkọ́?”

Ó dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi sì ti ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀.

Ni mo bá tan Màmá. Mo ní kó wá kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní mọ́ínmọ́ín sísè. Inú rẹ̀ dùn, ó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, ó pọn ọmọ wá. Ibi tó ti ń po ẹ̀wà lábẹ́ igi, ọmọ mi rá dé ìdí abọ́ ẹyin sísè tí a fẹ́ fi sí mọ́ínmọ́ín. Ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ tèèpo-tèèpo.

“Yéè! Mo sọ ọ́!” Màmá pariwo. “Olè ti dé!”

Ọlọ́jà àlùbọ́sà kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin mélòó ló ti jẹ rí?”

“Ẹyin wo? Kò tọ́ ọ wò rí! Lójú mi báyìí? Láéláé!”

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Màmá wo ọmọ, ó wò mí. Mo dorí kodò, ṣùgbọ́n èjìká mi ń gbọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níbi tó ti ń bó ẹyin. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó rún ẹyin náà sínú ògì rẹ̀.

“Jẹ ẹ́ yó nílé,” ó ní, “kí o má baà jalè níta mọ́.”